Ọwọ́ Òsì Lójú Fèrèsé Ọkọ̀

Ọjọ́ tí wọ́n pín ẹrù ọkọ mi ni wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yẹn ló sì sọ mí di akẹ́kọ̀ọ́ ní ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin. Pálọ̀ mi ní Keteren Gwari, ní Minna, la jókòó sí. Àwọn ará ilé ọkọ mi tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ ti gba gbogbo àga, èmi wà lórí àpótí lẹ́bàá ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Wọ́n pín aṣọ, wọ́n pín bàtà, wọ́n pín aago ara ògiri pàápàá. Nígbà tó kan ọkọ̀, àbúrò ọkọ mi ní òun máa wà á lọ sílé, nítorí kò sí ẹni tó máa wà á níbí. Mo ní èmi ni mo máa wà á. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Baba àgbà tó jẹ́ olórí ẹbí nu omijé ẹ̀rín kúrò lójú. Ó ní bí ìyàwó bá lè yege ìdánwò ọkọ̀ wíwà, ti orí ìwé nìkan pàápàá, kí oṣù mẹ́fà tó pé, kí wọ́n fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún un. Bí kò bá yege, kí wọ́n wá gbé e.

Ó fi ṣe àwàdà ni. Èmi kò fi ṣe àwàdà.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ àbúrò ọkọ mi yìí dáadáa, nítorí ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń pa á mọ́ra. Nígbà tí mo wọlé ọkọ, ọmọ iléèwé gírámà ni, mo sì fi ọdún mẹ́sàn-án jù ú lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ti bí i kí n tó dé, nítorí náà ọkọ mi ni òun náà. “Bọ̀dá” ni mò ń pè é. Mò ń kúnlẹ̀ kí ọmọdékùnrin tí mò ń bá ṣe ìṣirò tí wọ́n fún un ní iléèwé. Òun ń pè mí ní “ìyàwó”, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ń pè mí títí di òní, èmi tí mo ti ṣe ọ̀gá iléèwé, tí mo ti fẹ̀yìn tì, tí orúnkún mi kò gbà kí n kúnlẹ̀ mọ́. Nígbà tí ọkọ mi ń ṣàìsàn, ẹ̀ẹ̀kan péré ló wá wò ó. Lọ́jọ́ náà, ó kọ́kọ́ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, ó wo ẹ́ńjìnnì, kí ó tó wọlé wá kí aláìsàn. Mo rí i láti ojú fèrèsé. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ ń sọ fún.

Ọkọ mi alára náà kò ṣe dáadáa sí mi lórí ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ní torí pé ó ti kú kí n wá máa purọ́ gbè é. Nígbà tí a ra ọkọ̀ wa àkọ́kọ́, ó mú mi lọ sí pápá kan lẹ́yìn ìlú láti kọ́ mi. Láti ìgbà tí mo ti fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ ló ti ń pariwo lé mi lórí. Mo gbá igi dóńgóyárò kan. Bọ́ńpà tẹ̀ díẹ̀, èèpo igi kò tilẹ̀ bó. Ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, kò sì fún mi mọ́ títí ó fi kú. Ìtàn igi náà ló máa ń sọ níbikíbi tí àlejò bá ti pé méjì. “Ìwé nìyàwó mi mọ̀,” á wí, “kò mọ ọ̀nà.” Wọ́n á rẹ́rìn-ín, èmi á dìde lọ bu omi wá fún wọn. Gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́, orí alùpùpù achaba ni mo ń gùn lọ síléèwé, nígbà tó yá wọ́n kó achaba kúrò nílẹ̀, mo bọ́ sínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà mìíràn, ọkọ̀ ilé wa á kọjá lára mi lójú títì, á sì fọn fèrè kí mi.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀sẹ̀ tí mò ń sọ yìí fi rí bó ṣe rí. Ọjọ́bọ̀ ni ìdánwò. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni oṣù mẹ́fà pé, tí àbúrò ọkọ mi máa dé. Kò sí àyè láti kùnà kí n tún un ṣe.

Láti ọjọ́ Ajé ni ìdí mi kò ti gba àga mọ́. Mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde. Mo ti ya gbogbo àmì ojú ọ̀nà sórí páálí, mo lẹ̀ wọ́n káàkiri: èyí tó ní ká dúró wà lókè sítóòfù, èyí tó ní ká má ya wà lára ilẹ̀kùn balùwẹ̀, ti ráńdábáòtù wà lára fìríìjì. Mo gbé ẹ̀wà kaná, mo lọ wo ohun tí ìwé òfin ojú ọ̀nà sọ nípa kíkọjá lára ọkọ̀ mìíràn lórí òkè, òórùn èéfín ló pè mí padà. Mo jẹ ẹ̀wà tó jóná. Mo tún lọ yẹ ọkọ̀ náà wò nínú ọgbà, bí ẹni pé ó lè rìn lọ fúnra rẹ̀ kó tó di Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ọmọ mi ló ń wá tan án lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí bátìrì má baà kú. Ó ṣì dára, àfi tíráfíkétọ̀ rẹ̀, iná tí a fi ń sọ ibi tí a máa yà sí, tí kò tàn mọ́ láti ìgbà tí ọkọ mi ti wà láàyè. Ọkọ mi ní ẹni tó bá mọ ọ̀nà kò nílò rẹ̀.

Kì í ṣe ìdánwò ni mo bẹ̀rù. Mo ti kọ́ ọmọ ní ìwé fún ọdún márùndínlógójì nínú ìlú yìí, àwọn tí mo kọ́ ló wà ní báńkì, ní ilé ìwòsàn, ní ilé epo. Ohun tí mo bẹ̀rù ni pé kí n kùnà, kí ọ̀kan nínú wọn rí i, kí ọ̀rọ̀ rìn títí yóò fi dé Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ti ń gbọ́ ẹ̀rín wọn. Mo gbọ́ ohùn ọkọ mi láàrin rẹ̀, ó ń sọ ìtàn igi.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Kpakungu, níbi tí ilé ẹ̀kọ́ ọkọ̀ wíwà wa wà, ṣọ́ọ̀bù kékeré kan láàrin káfíńtà àti obìnrin tó ń dín màsà. Lójú ọ̀nà, mo bi oníkẹ̀kẹ́ pé kí ni àmì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá yẹn ń sọ. Ó wò mí nínú dígí, ó fi Hausa dá mi lóhùn pé àmì yẹn kò bá kẹ̀kẹ́ wí, Hajiya. Hajiya ni wọ́n ń pe gbogbo obìnrin tó ti dàgbà níbí, n kò sì ní agbára láti máa ṣàlàyé fún wọn pé ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi ni wọ́n gbé bí mi sí. Ọ̀gá tó ń kọ́ wa, ará Ìlọrin kan tí kì í gbé ohùn sókè, bi mí ní ogún ìbéèrè. Mo gba gbogbo rẹ̀. Ó ní, “Mama, ẹ ti mọ ìwé yìí ju èmi lọ. Ẹ lọ sinmi.” Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń jáde, ó rán mi létí pé ọ́físà tó ń ṣe ìdánwò máa ń ní kí èèyàn fi ọwọ́ ṣe àmì, nítorí tíráfíkétọ̀ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìlú yìí ti kú. Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Ó wà nínú ìwé. Bí iná kò bá sí, awakọ̀ á na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé tààrà tó bá fẹ́ ya sí òsì, á yí i po bí ẹni ń ro ọkà tó bá fẹ́ ya sí ọ̀tún, á máa gbé e sókè sódò tó bá fẹ́ dín eré kù. Níwọ̀n bí awakọ̀ ti ń jókòó sí apá òsì ọkọ̀, ọwọ́ òsì nìkan ló lè jáde. Mo kà á, ó yé mi. Mo rò pé ohun tó bá ti yé èèyàn, ó ti parí nìyẹn.

Ọ̀sán Ọjọ́rú ni ọmọ mi dé láti Jikpan, níbi tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé. Òun nìkan ni mo bí. Minna ni mo bí i sí, Hausa rẹ̀ já gaara ju Yorùbá rẹ̀ lọ. Ó ní láísẹ́ńsì, ó sì mọ ọkọ̀ wà ju ọ̀pọ̀ ọkùnrin lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń pín ẹrù, wọ́n ní ó ti wà nílé ọkọ, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ baba rẹ̀ kò kàn án. Ó gbé àga méjì sí báráńdà, ó ní ti apá òsì ni ti awakọ̀. Ó fún mi ní ọmọrí ìkòkò kí n fi ṣe sítíárì. Bí ẹ bá rí mi níbẹ̀, ẹ̀yin náà á rẹ́rìn-ín, n kò ní bínú.

Ó ń bi mí, mò ń dáhùn. Ta ló ni ọ̀nà ní ráńdábáòtù? Kí ni ìlà funfun tí kò gé túmọ̀ sí? Kò tíì bi mí tán kí n tó dáhùn. Inú mi ń dùn. Lẹ́yìn náà ló ní, “Tíráfíkétọ̀ yín ti kú, Mọ́mì. Ẹ fẹ́ ya sí òsì. Ó yá.”

Ọwọ́ ọ̀tún mi fi ọmọrí ìkòkò sílẹ̀, ó ré àyà mi kọjá, ó yọ jáde lábẹ́ àgbọ̀n mi.

Ó ní ọwọ́ òsì ni. Mo ní mo mọ̀. Ó tún bi mí, ọwọ́ ọ̀tún ló tún lọ. A ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ní iwájú wa gan-an, ní òdìkejì títì, mùálíìmù àgbàlagbà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú jókòó lórí ẹní rẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ na ọwọ́ òsì lójú ọkùnrin tó dàgbà jù mí lọ? Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ mi pé ọwọ́ òsì kò gbọdọ̀ ṣáájú: a kì í fi gba nǹkan, a kì í fi fún èèyàn ní nǹkan, a kì í nà án sí àgbà. Èmi náà ti kọ́ ẹgbẹ̀rún ọmọ bẹ́ẹ̀. Ọpọlọ mi gbà pé ọkọ̀ yàtọ̀. Apá mi kò gbà.

Ní ìgbà karùn-ún, ọmọ mi kò bá mi wí mọ́. Ó wọ yàrá mi lọ. Mo gbọ́ tó ṣí àpótí. Ó mú ọ̀já àtijọ́ kan jáde, èyí tí mo fi pọ̀n ọ́n.

“Ẹ gbé ọwọ́ ọ̀tún wá,” ó ní.

Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi ọ̀já ṣe.

“Ohun tí ẹ fi ṣe fún mi.”

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà yẹn. Ọwọ́ òsì ló fi ń ṣe ohun gbogbo. Ìyá ọkọ mi wá kí wa, ó rí i tó fi òsì gba búrẹ́dì lọ́wọ́ òun, ó ní ọmọ yìí máa dójú tì wá láwùjọ, kí n wá nǹkan ṣe sí i kó tó wọ iléèwé. Mo wá nǹkan ṣe sí i. Mo fi ọ̀já de ọwọ́ òsì rẹ̀ mọ́ apá àga nígbà tó bá ń jẹun, àti nígbà tó bá ń kọ̀wé. Lọ́jọ́ kan, mo dè é tán, mo yọjú sí aládùúgbò, ọ̀rọ̀ sì gùn. Nígbà tí mo padà dé, ó ti tọ̀ sára. Kò sunkún. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún kọ A kún ojú ìwé náà, gbogbo wọn wọ́.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ni mo ti sọ ìtàn yìí fún, ìyá ọkọ mi ló sì máa ń de ọmọ nínú gbogbo rẹ̀. Mo ti fi bú u láìmọye ìgbà, láàyè àti lẹ́yìn ikú. Mo ní obìnrin tí kò kàwé ni, kò mọ̀ pé Ọlọ́run ló dá àwọn kan bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi kàwé. Wọ́n kọ́ wa ní kọ́léèjì àwọn olùkọ́ pé kì í ṣe àìsàn, pé kí a fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo gba máàkì lórí rẹ̀. Ìyá ọkọ mi sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ kejì. Èmi ni mo ta kókó.

Mo gbé ọwọ́ ọ̀tún mi fún ọmọ mi. Ó dè é mọ́ apá àga. Kò le, kò sì dẹ̀.

“Ṣé kò le jù?” ó bi mí.

Mo mọ ohùn yẹn. Èmi ni mo ni ín.

Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó tún bi mí ní ìbéèrè kan náà. Ọwọ́ ọ̀tún mi fà, ọ̀já dá a dúró. Ọwọ́ òsì mi dìde pẹ̀lẹ́, ó jáde sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó nà tààrà sí ìta bí ọwọ́ ẹlòmíràn. Mùálíìmù gbójú sókè láti orí ẹní. Ó wo ọwọ́ náà, ó wo ọ̀já, ó wo ọmọrí ìkòkò. “Ya dai, Hajiya?” ó ní, ó ń béèrè bóyá kò sí nǹkan. Ọmọ mi fi Hausa sọ fún un pé mo fẹ́ ṣe ìdánwò ọkọ̀. Baba náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ṣàdúrà fún mi, “Allah ya ba da sa'a,” kí Ọlọ́run fi oríire sí i. Kò bínú sí ọwọ́ mi rárá. A ṣe é títí àmì ọ̀já fi hàn lọ́rùn ọwọ́ mi.

Nígbà tó tú mi, ó kọ ìbéèrè mẹ́ta sílẹ̀ tó fẹ́ kí n tún yẹ̀ wò. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára púpọ̀. Mo ti fi yangàn fún àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi rí. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ iṣu fún oúnjẹ alẹ́ mi, mo sì rí i pé ọwọ́ òsì ló fi di ọ̀bẹ mú. Èmi ló yẹ kí n sọ̀rọ̀. Mo lanu, ohun tó jáde ni pé ó ń bẹ èèpo náà nípọn jù.

“Haba, Mọ́mì,” ó ní, ó sì ń bẹ iṣu lọ.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo ti wọṣọ tán kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo yẹ báàgì mi wò: báírò méjì, ìwé ẹ̀rí ọjọ́ orí, fọ́tò. Mo jáde dé ẹnu ọ̀nà, mo padà wá yẹ̀ ẹ́ wò. A pọ̀ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, èmi ni mo dàgbà jù. Ti orí ìwé kò gba àsìkò lọ́wọ́ mi, mo parí, mo tún un yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ń wo àwọn ọ̀dọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí mo ṣe máa ń wo kíláàsì. Lẹ́yìn náà la tò síwájú tábìlì ọ́físà, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọmọ Yorùbá ni ọ́físà náà, mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ó bi mí ní ohun méjì, mo dáhùn. Ó ní ká ní tíráfíkétọ̀ mi ti kú, mo sì fẹ́ ya sí òsì, àmì wo ni mo máa fi ọwọ́ ṣe?

Mo ti mọ ohun tí mo máa ṣe. Mo ti jókòó lé ọwọ́ ọ̀tún mi láti ìgbà tí wọ́n ti pè mí. Mo fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́ mọ́ àga. Ọwọ́ òsì mi jáde, ó nà tààrà. Kí n tó mọ̀, ẹnu mi ti sọ ohun tí a máa ń sọ tí ọwọ́ yẹn bá ṣèèṣì ṣáájú: “Ẹ má bínú, ọwọ́ òsì ni.”

Ọ́físà gbé báírò sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. “Mama, òun náà la fẹ́ rí.”

Ó lu òǹtẹ̀ sí ìwé mi. Mo ti yege. Mo jáde lọ dúró lábẹ́ igi nínú ọgbà, mò ń dúró de ayọ̀, kò tètè dé. Ohun tó ń dún létí mi ni bí mo ṣe yára bẹ ọkùnrin tí n kò mọ̀ rí, nítorí ọwọ́ ara mi.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, àbúrò ọkọ mi dé pẹ̀lú dẹ́rẹ́bà kan àti jálá epo. Kò tíì jókòó tó fi ní, “Ìyàwó, kọ́kọ́rọ́ dà?” Mo fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ìwé fún un, mo tẹ orúnkún mi díẹ̀, bó ṣe yẹ. Ó kà á, ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn tí wọn kò kọ nǹkan kan sí.

“Ti orí ìwé nìkan nìyí,” ó ní. “Ìwé náà lẹ mọ̀.”

“Ìwé lẹ béèrè, Bọ̀dá.”

Ó pe baba àgbà lórí fóònù. Mo gbọ́ ẹ̀rín baba láti ibi tí mo dúró sí, ó pẹ́ kó tó dáwọ́ dúró, lẹ́yìn náà ló ní òun ti sọ ọ́, kí wọ́n fi ọkọ̀ sílẹ̀. Mo gbé oúnjẹ fún àbúrò ọkọ mi àti dẹ́rẹ́bà rẹ̀. Wọ́n jẹ ẹ́. Wọ́n gbé jálá wọn, wọ́n lọ. Mo ti ro ọjọ́ yẹn fún oṣù mẹ́fà, mo rò pé ó máa dùn mọ́ mi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, ọmọ mi wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú ọkọ̀, nítorí òun ló ní láísẹ́ńsì, èmi sì ń kọ́ṣẹ́. Mo wà á jáde nínú ọgbà, mo wà á kọjá níwájú mùálíìmù. Ní oríta, mo ní láti ya sí òsì. Mo sọ gíláàsì kalẹ̀, mo na ọwọ́ jáde. Atẹ́gùn fẹ́ sí i. Ojú ọ̀nà ni mò ń wò, ó rọrùn láti sọ̀rọ̀ nígbà tí mi ò wo ojú rẹ̀.

“Má bínú,” mo ní, “nítorí ọwọ́ òsì rẹ.”

Mo gbọ́ tó mí.

“Ẹ wo iwájú, Mọ́mì,” ó ní. “Kẹ̀kẹ́ ń bọ̀.”

Mo dúró kí kẹ̀kẹ́ kọjá. Ọwọ́ mi ṣì wà níta.